Ọjọ́ Tí Nkechi Gba Fírídọ̀mù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jáde nílé ìwé, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ máa ṣe, àwọn òbí yín ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Màmá, iṣẹ́ aṣọ tí ẹ ṣe yìí, ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ má retí pé màá máa yin iṣẹ́ aránṣọ bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, bí mo bá sì jókòó, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ fà mí dìde. Iṣẹ́ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ló sì tọ́ àwọn ọmọ mi yanjú lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ẹ gbé méjèèjì sí orí òṣùwọ̀n.

Àdùnní ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Odoakpu ní Onitsha tí ẹ ń béèrè Àdùnní, ẹ máa rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mama Yoruba ni wọ́n mọ̀. Ọmọ Ìkìrun ni bàbá mi, dírẹ́bà ni, ó ń kó ẹrù láti etí Odò Ọya wọ inú ìlú Onitsha. Ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Ó fẹ́ kí n di nọ́ọ̀sì. Èmi àti ìdánwò kò gbọ́ra wa yé, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ìgbà tí ó sú u, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀ffà.

Ìyá Ọ̀ffà ni ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà méjì kan ní Odoakpu, láàárín ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń ta bàtà. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tépù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òun ló fi ń wọn aṣọ, òun náà ló fi ń nà wá.

Fún ìgbà pípẹ́, n kò fọwọ́ kan aṣọ. Mo ń gbálẹ̀, mo ń dá iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ń fi òróró sí ẹ̀rọ, mo ń fi mágíńẹ́ẹ̀tì ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí rẹ̀, ó ní kí n rán an láìsí òwú nínú ẹ̀rọ. Bí mo bá rán an tán, ó máa gbé ìwé náà sókè kọjú sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ihò abẹ́rẹ́ wọlé, a ó sì rí gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mu ọtí kó o tó wá ni?"

"Rárá, Mà."

"Ẹ̀rọ ló mu ún nígbà yẹn. Gba òmíràn."

Mo rán ìwé títí tí àlá mi fi di ìwé. Mo sunkún lọ bá bàbá mi pé n kò ṣe mọ́. Bàbá mi ń jẹun, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Mo ní kí ló kàn mí kan oyin. Ó ní kí n padà kí ó tó jẹun tán. Mo padà.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n dúró ti òun nígbà tí ó ń gé aṣọ gidi, aṣọ ìjòyè ni, èyí tí wọ́n ń pè ní isi agu, tí orí ẹranko wúrà kún ara rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní, "Wo ojú wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ máa wo òkè. Bí o bá ká a lódì kó o tó gé e, ẹ̀yìn á wo òkè, iwájú á dorí kodò. Ta lo fẹ́ kó wọ̀ ọ́? Ìjòyè, àbí òkú?" Ẹnu rẹ̀ kò dára, ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n títí dòní, n kò gé isi agu lódì rí.

Nígbà tí ó tó àkókò, mo gba fírídọ̀mù. Bàbá mi kó obì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì wá, ó tún mú aṣọ wá fún ọ̀gá mi láti fi dúpẹ́. Mo wọ aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo kúnlẹ̀, Ìyá Ọ̀ffà gbé àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, ó gbàdúrà, ẹgbẹ́ aránṣọ buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí mi, gbogbo ènìyàn jẹ, wọ́n mu. Ó parí. Ọ̀gá mi kò fi abẹ́rẹ́ kan lé àlùmọ́gàjí yẹn, n kò sì retí rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń ránṣọ. Ẹ̀rọ àfọwọ́yí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ sórí ẹlẹ́sẹ̀, tí ó máa ń jẹ́ kí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi sùn nítorí pé ó ń mì mí lọ mì mí bọ̀. Nígbà tó yá, oníná dé, àwọn aránṣọ tó kù ní Odoakpu bá ra jẹnẹrétọ̀, etí wa di. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ńlá tí àwa aránṣọ ń pè ní indọ́stíríà dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ṣe bí ẹni tẹ ẹlẹ́sẹ̀, ó sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó gún mi ní èékánná kọjá. Mo pariwo, ẹni tó ń jó irin sáré wọlé, ó rò pé wọ́n ń jà mí lólè. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n lò, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o nínú ayé lẹ́yìn àwọn ọmọ mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, mo pẹ́ kí n tó rà á.

Ayé yí padà ní ti oníbàárà pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní, "Mama, rán an bó o ṣe mọ̀ pé ó máa bá mi mu." Nígbà tó yá, fóònù ni wọ́n ń nà sí mi lójú. Aṣọ tí wọ́n rán fún ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò jẹun àárọ̀, òun la ní ká rán fún ìyá ọmọ mẹ́fà. Kí ni kí n sọ? Mo ń rán an. Bí ó bá gbé e wọ̀ tán, á ní kò jọ tinú fóònù. Mo máa ń ní, "Nne, ìwọ náà kò jọ tinú fóònù." A óò jọ rẹ́rìn-ín, a óò sì tú u.

Mo kọ́ ọmọ púpọ̀ níṣẹ́. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, àwọn ọmọ yunifásítì pàápàá tí wọ́n ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo wọn ni mo fún ní ìwé ìròyìn, gbogbo wọn ló bú mi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kàn yín jù.

Bàbá kan tó ń dáko iṣu ní abúlé tí kò jìnnà sí Onitsha ló mú Nkechi wá. Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ wọn, mo dá gbé, ó sì wù mí kí ènìyàn wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá rẹ̀ ní òun kò lágbára láti san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí ó máa sìn mí, kí ó sì kọ́ṣẹ́. Mo ní kò burú. Ó pa obì, a jẹ ẹ́. Kò bi mí bí ó ṣe máa parí, èmi náà kò bi í. Ta ló ń bi ènìyàn ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀?

Ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń fọ aṣọ mi, bí orúnkún mi bá ń ro mí, ó ń fi omi gbígbóná rà á. Láàárín ọdún mélòó kan ó ti ń sọ Yorùbá tó dùn ju ti àwọn ọmọ mi lọ, torí àwọn yẹn, Igbo ni wọ́n fi ń jà, òun ni wọ́n sì fi ń lá àlá. Ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́. Bí ó bá kan kọ́là mọ́ ọrùn aṣọ, o kò ní mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n sọ pé, "Mama, ṣé Nkechi wà nílé?" Mo ń ṣe bí ẹni bínú. Inú mi ń dùn.

Nígbà tí mo rí i pé kò kù síbì kankan, mo dá ọjọ́ fírídọ̀mù rẹ̀. Mo pe ẹgbẹ́ aránṣọ, a ta àtíbàbà síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí Nkechi sọ fún àwọn ara ilé rẹ̀. Lọ́kàn mi, wọ́n máa kó obì àti ohun mímu wá bí bàbá mi ti kó o wá.

Wọ́n dé lóòótọ́, bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Mo ní ẹ wò ó, ohun mímu wọn pọ̀ débi pé wọ́n fi ọkọ̀ kó o. Mo yọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò. Okùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ẹrù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nkechi kúnlẹ̀, mo gbé àlùmọ́gàjí àti tépù lé e lọ́wọ́, mo gbàdúrà, ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo inú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá rẹ̀ dìde, ó ní, "Madam, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ tó máa gbé lọ dà?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tí o fi máa dá a sílẹ̀. A ti mú ọkọ̀ wá."

Ẹ gbà mí o! Orí mi gbóná. Mo ní èmi tí mo bọ́ ọ, tí mo wọ̀ ọ́ láṣọ, tí mo kọ́ ọ níṣẹ́, tí ẹ kò gbé ìgò omi kan wá fún, ẹ̀rọ ni ẹ tún wá gbà? Òun náà gbé ohùn sókè. Ó ní ọmọ àwọn sìn mí láti kékeré, mo wá fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aránṣọ dá sí i, ariwo di ariwo. Ìgbà náà ni bàbá Nkechi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ó ti dé, dìde. Ó bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé ọmọ mi jalè ni?"

Èébú ni mo kà á sí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní tiwa, bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, àgbà kì í fèsì mọ́, á kúrò níbẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Nkechi ń pè mí, "Màmá! Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" N kò jáde. Nígbà tí mo máa fi jáde, ọkọ̀ ti lọ, àlùmọ́gàjí tí mo fún un wà lórí àga.

Inú bí mi, inú bí mi. Alága ẹgbẹ́ wa ní kí n má dá wọn lóhùn, ó ní bí mo bá fi ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́ báyìí, gbogbo òbí tó bá mú ọmọ wá lẹ́yìn wọn ló máa mú okùn dání. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyàwó onílé mi, Mama Ebele, ló la ojú mi. Ó wá gba aṣọ rẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Mama Yoruba, kí ni ọmọ yẹn jí?"

"Ta ló jí nǹkan?"

"Nkechi. Wọ́n ní o lé e torí olè ni. Àwọn tó gbé aṣọ fún un ní abúlé ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà ní Awada tó wà nítòsí, ó ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ta páìpù."

Mo kígbe. Mo ní èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mama Ebele jókòó tì mí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí ọmọ bá fi owó kọ́ṣẹ́, ó máa kọ́ ọ tán, á lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sin ọ̀gá, tó gbé ilé ọ̀gá, ọ̀gá náà ló máa sẹ́tù rẹ̀, á fún un ní ohun tí ó máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sìn tán tó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ohun kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ pé ó ṣe. "Bàbá rẹ̀ bi ọ́ lójú gbogbo ènìyàn," ó ní, "o sì dákẹ́."

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀rù bà mí fún ọmọ náà. Ta ló máa gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ fún olè? Ọwọ́ tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tọ́, páìpù ló máa fi gbé títí ayé, nítorí ilẹ̀kùn tí mo tì.

Mo rò ó. Bí mo bá fi ẹnu lásán lọ, wọ́n á ní ọmọ ló bẹ̀ mí wá. Ohun tí wọ́n máa fojú rí ló lè fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo pe ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè gbé ẹrù, a tú orí indọ́stíríà mi kúrò lára tábìlì rẹ̀, a gbé méjèèjì. Alága ẹgbẹ́ wa rí mi lọ́nà, ó ní, "Àdùnní, ṣé orí rẹ pé?" Mo ní kó béèrè nígbà tí mo bá dé.

Nígbà tí mo dé abúlé wọn, bàbá Nkechi ti pe àwọn ẹbí rẹ̀ jọ, ó sì ti pe Nkechi wá láti Awada, torí mo ránṣẹ́ ṣáájú. Ó fún mi ní àga. Kò gbé obì síwájú mi. Ẹni tó bá ti gbé láàárín wọn mọ̀ pé ìyẹn ń sọ pé wọn kò tíì kí mi káàbọ̀. Nkechi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ mi, kò kúnlẹ̀.

Mo dìde, mo sọ ọ́ ní Igbo kí ó lè yé ọmọdé wọn: "Nkechi ezughị ohi." Nkechi kò jalè. Mo ní kò mú abẹ́rẹ́ mi rí. Mo ní nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó tirẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn.

Bàbá rẹ̀ ní, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Nílé wa, ọ̀gá kì í sẹ́tù ọmọṣẹ́. Àdúrà la fi ń tú u sílẹ̀. Òbí ọmọ ló ń gbé ohun mímu wá."

"Òbí ọmọ?" Ó yíjú sí àwọn àbúrò rẹ̀. "Ohun mímu tí èmi ń retí lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Obì jáde. Ṣùgbọ́n Nkechi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi Yorùbá sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Màmá, mo pè yín. Ẹ ò jáde."

Mo ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n jáde. Má bínú."

Ó jáde lọ síbi kẹ̀kẹ́, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà, ó mọ̀ pé èyí nìkan ni mo ní. Ìgbà tí ó padà wọlé, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n gbàdúrà bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Mo gbà á ní Yorùbá, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú rẹ̀ ní èdè mìíràn.

"Iṣẹ́ kò ní wọ́n lọ́wọ́ rẹ." Kò yé àwọn tó kù. Nkechi nìkan ló ní, "Àmín."

"Ẹnìkan kò ní ba orúkọ rẹ jẹ́ mọ́." "Àmín."

Bàbá rẹ̀ bi í ní kí ni mo wí. Ó túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, òun náà ṣe àmín, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Mo fi ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ rán díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà kan, mo rí i pé kò wù mí láti ra ẹ̀rọ ńlá mìíràn, mo bá dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Alága wa sọ òótọ́ o, àwọn òbí mìíràn béèrè, ẹgbẹ́ sì bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti bínú tán.

Nkechi ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Awada, ó ń kọ́ ọmọ. Mo máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, kò tíì jókòó tí Nkechi fi bi í pé, lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá mọ iṣẹ́ tán, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ta ló máa mú kí ni wá? Obìnrin náà bínú. Ó ní ọmọ tí kò tíì di abẹ́rẹ́ mú, wọ́n ti ń sọ ìparí rẹ̀?

Nkechi fa àga fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó, Mà. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."